Stanley Morison, Ẹni Tí Ó Ni Lẹ́tà Tí A Fi Ń Tẹ Ìwé Wa

Ìtàn ìgbésí ayé àwọn ènìyàn ńlá kì í wọ́n nínú irú ìwé ìròyìn ọdọọdún báyìí. A ti ka ti ọba, a ti ka ti jagunjagun, a ti ka ti àwọn òǹkọ̀wé wa àti ti àwọn àlùfáà tí ó kọ́kọ́ fi èdè wa sínú ìwé. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kò sí nínú wọn. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì ti kú láti ọdún 1967. Síbẹ̀, agbára káká ni ọjọ́ kan fi ń kọjá kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ má kọjá níwájú wa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀, lẹ́tà ọkùnrin yìí ni wọ́n sábà máa ń ní kí ó fi tẹ̀ ẹ́. Bí ọ́fíìsì bá kọ̀wé pe ènìyàn wá sí ibi iṣẹ́, tàbí tí ó kọ̀wé dá a dúró, lẹ́tà kan náà ni. Ní agbègbè tiwa ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kìí, láti apá Ajah títí dé Awóyáyà àti Àkòdò, níbi tí ilẹ̀ títà ti di òwò tí ó borí òwò gbogbo, òun náà ni àwọn tí ń táìpù ní ẹ̀bá títì fi ń ṣe ìwé àdéhùn ilẹ̀. Times New Roman ni wọ́n ń pè é. Ó ti sú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀nà ìwé ṣíṣe lọ́ṣọ̀ọ́ a máa fi í ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní lẹ́tà ọ̀lẹ ni, lẹ́tà ẹni tí kò yan nǹkan kan. Mo gbà pé ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó ṣe é kí a tó máa bú u.

Ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún ọdún 1889 ni a bí Stanley Morison, ní Wanstead ní ẹkùn Essex, tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá rẹ̀ a máa bá àwọn ilé-iṣẹ́ kiri ọjà láti ìlú dé ìlú. Ọtí ni ó ba ti bàbá yìí jẹ́. Nígbà tí ọmọ náà fi máa tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bàbá ti fi ìyàwó àti àwọn ọmọ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí ilé-ìwé Stanley ṣe parí nìyẹn. Ó ní láti ṣiṣẹ́ kí òun àti ìyá rẹ̀ lè jẹun. Kò jókòó nínú kíláàsì yunifásítì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ rí, bẹ́ẹ̀ ni Yunifásítì Cambridge ni ó wá fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá nígbà tí ó dàgbà. Ohun tí ó mọ̀, ara rẹ̀ ni ó fi kọ́ ara rẹ̀, nínú ìwé tí ó ń yá kà àti èyí tí ó ń fi owó oúnjẹ rà.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni ó ń ṣe lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ajíhìnrere kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń pè ní London City Mission. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀ ya ènìyàn lẹ́nu díẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò ka ẹ̀sìn sí, àwọn tí ó gbà á síṣẹ́ sì jẹ́ onígbàgbọ́ tí kò fẹ́ràn Ìjọ Àgùdà rárá, ṣùgbọ́n ní 1908, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, inú Ìjọ Àgùdà gan-an ni ó wọ̀. Ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Morison jẹ́, kí ó fi èyí sọ́kàn: bí ó bá ti gbà pé ohun kan tọ́, kì í wo ojú ẹni tí ń fún un lówó oṣù.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án ọdún 1912 ni ọ̀nà rẹ̀ là. Ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù gbé àfikún pàtàkì kan jáde lọ́jọ́ náà, tí ó jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Morison rà á, ó kà á, ó sì pinnu pé iṣẹ́ tí òun yóò fi ayé òun ṣe nìyí. Nígbà tí ó di ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Gerard Meynell gbà á sí ìdí ìwé àtìgbàdégbà kan, The Imprint, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ fún àwọn òǹtẹ̀wé. Ìwé náà kò pé ọdún kan kí ó tó kógbá sílé, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ ti mọ ojú irin.

Ogun Àgbáyé Kìíní dé. Ní 1916, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ iṣẹ́ ológun ní tipátipá. Morison kọ̀. Ó ní ẹ̀rí ọkàn òun kò gbà kí òun pa ẹlòmíràn. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n jù ú sí. Láàárín ọdún kan náà yìí ni ó gbé ìyàwó, ìgbéyàwó náà kò sì tọ́jọ́; wọ́n fi ara wọn sílẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n nítorí ìlànà ìjọ rẹ̀ kò fẹ́ òmíràn mọ́. Ìgbésí ayé rẹ̀ nínú ilé kò dùn tó bẹ́ẹ̀, n kò sì ní fi í gùn ìwé.

Nígbà tí ogun parí, ó ṣe iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé méjì kan, Pelican àti Cloister. Ní 1923 ni ilé-iṣẹ́ Monotype fi í ṣe olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Kí n ṣàlàyé díẹ̀ níhìn-ín, nítorí àwa tí a bá kọ̀ǹpútà láyé. Láyé ìgbà náà, òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà. Òǹtẹ̀wé a máa ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, a máa tò wọ́n ní ìlà ní ìlà, a máa fi yíǹkì kùn wọ́n kí ó tó tẹ bébà lé wọn lórí. Ẹ̀rọ Monotype ni ó gba ọwọ́ àwọn aṣalẹ́tà sílẹ̀. Ẹnì kan yóò jókòó síwájú pátákó tí ó kún fún bọ́tìnnì, yóò máa tẹ̀ ẹ́, ihò yóò máa lu sára bébà gbọọrọ kan. Bébà ni wọn yóò gbé lọ sí ẹ̀rọ kejì tí òjé ń yọ́ nínú rẹ̀, ẹ̀rọ yìí ni yóò máa wo ihò wọ̀nyí tí yóò sì máa rọ lẹ́tà tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò tò wọ́n fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pinnu irú lẹ́tà tí Monotype yóò tà ti pinnu ohun tí ojú àìmọye ènìyàn yóò máa rí. Morison ni ó jókòó sórí àga yẹn.

Kò kọ́kọ́ dá lẹ́tà tuntun sílẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó padà lọ bá àwọn àgbà. Ó wá àwọn ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ ní ilẹ̀ Ítálì àti ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, ó wo lẹ́tà wọn fínnífínní, ó sì ní kí wọ́n tún wọn rọ fún ẹ̀rọ tuntun. Bembo, tí ó jáde ní 1929, wá láti inú ìwé tí Aldus Manutius tẹ̀ ní Venice ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Títí di òní, àwọn òǹtẹ̀wé ṣì ń lò ó.

Èrò rẹ̀ nípa lẹ́tà kò le. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1930 nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ kan tí ó lókìkí. Ó ní ènìyàn kì í kàwé nítorí kí ó lè wo lẹ́tà. Ohun tí lẹ́tà gbé wá ni ó ń wá. Lẹ́tà tí ó bá ń pe òǹkàwé pé kí ó wá wo ẹwà òun ti kúrò nídìí iṣẹ́ tí a bẹ̀ ẹ́. Bí àwọn òǹkàwé kò bá kíyè sí i pé lẹ́tà tuntun ti dé, ìgbà náà ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ lẹ́tà rere. Ẹ wá wo ohun tí orí fi ṣe é: ọkùnrin tí ó ní kí a má rí lẹ́tà ni ó ṣe èyí tí gbogbo ayé rí títí ó fi sú wọn.

Ní 1929, The Times kan náà tí ó ti là á lójú gbà á ní olùdámọ̀ràn, lẹ́yìn tí ó ti bẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe ń tẹ ìwé wọn. Ó ní lẹ́tà wọn ti di arúgbó, ó rí wẹ́wẹ́, ó sì ń dá ojú lágara. Ìwé ìròyìn tí ó ti wà láti 1785 kì í yí ìṣe rẹ̀ padà ní wàrà-wàrà. Morison kọ ìwé àlàyé gígùn fún ìgbìmọ̀ wọn ní 1930, wọ́n jiyàn, wọ́n dán lẹ́tà wò lóríṣiríṣi. Kò sí èyí tí ó wà lọ́jà tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìgbà náà ni Morison gbé àwòrán ojú ìwé kan tí wọ́n fi lẹ́tà àtijọ́ ti ilé ìtẹ̀wé Plantin tẹ̀ fún Victor Lardent, ayàwòrán ní ẹ̀ka ìpolówó ọjà The Times, ó ní kí ó máa yà á tẹ̀ lé ohun tí òun bá wí. Lardent ni ọwọ́, Morison ni ojú. Inú mi kì í dùn pé orúkọ Lardent kì í sí lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Kí ni wọ́n ń wá? Àyè inú ìwé ìròyìn kéré. Òpó ọ̀rọ̀ ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìròyìn sì pọ̀. Wọ́n fẹ́ lẹ́tà tí yóò fún pọ̀ mọ́ra kí ọ̀rọ̀ púpọ̀ lè wọ inú ìlà kan, síbẹ̀ kí ó tóbi lójú, kí àgbàlagbà lè kà á nínú ọkọ̀ ojú irin. Nítorí náà ni wọ́n ṣe mú àwọn lẹ́tà kéékèèké ga, tí wọ́n gé èyí tí ó yọ sókè àti èyí tí ó yọ sísàlẹ̀ kúrú, tí wọ́n mú igi rẹ̀ kan nípọn, tí wọ́n mú ìkejì tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 1932 ni The Times jáde pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n yí àkọlé orí ìwé padà lọ́jọ́ kan náà. Ọdún kan ni The Times fi dá a lò, lẹ́yìn náà ni Monotype bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún ẹni tí ó bá fẹ́.

Ohun kan wà níhìn-ín tí kò yẹ kí á fojú fò. Bébà The Times dára, ó sì dán, ìyẹn ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ṣe ń hàn. Àwọn ìwé ìròyìn tí bébà wọn kò dára tó bẹ́ẹ̀ kò yá a lò. Ẹ wá gbé irú lẹ́tà yìí lé ẹ̀rọ tí yíǹkì rẹ̀ ti ń tán ní Ajah, kí ẹ tún wá ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà rẹ̀ nígbà mẹ́ta, kí ẹ wò bóyá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò kù. Ẹ̀bi lẹ́tà kọ́. Wọn kò dá a fún irú iṣẹ́ yẹn.

Ní 1994, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mike Parker, kọ ọ́ pé William Starling Burgess, ẹni tí a mọ̀ sí oníṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ni ó ti ya lẹ́tà náà ní 1904, kí Morison tó mọ ohun tí ń jẹ́ ìtẹ̀wé. Ariyànjiyàn ńlá ni ó dá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ kò gbà á, èmi náà kò sì rí ẹ̀rí tí ó tó kí á fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òkú.

Ohun tí ó kù nínú ayé Morison, kí n fi wàrà-wàrà sọ ọ́. Ó kọ ìtàn The Times ní ìdìpọ̀ mẹ́rin, láti 1935 títí di 1952. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì jó àwọn ìwé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1941. Ní 1945 ó di olótùú Times Literary Supplement. Wọ́n fẹ́ fi oyè dá a lọ́lá kí wọ́n lè máa pè é ní Sir, ó kọ̀ ọ́. Aṣọ dúdú ni ó ń wọ̀ nígbà gbogbo, pẹ̀lú fìlà dúdú, bí àlùfáà tí kò ní ìjọ. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá ọdún 1967, ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ní 1972, The Times gan-an pa lẹ́tà náà tì, wọ́n mú òmíràn.

Ibi tí The Times ti sọ ọ́ kalẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti gbé e. Ní 1992 ni Microsoft fi í sínú Windows 3.1, nígbà tí ó yá ó di lẹ́tà tí Word máa ń gbé síwájú ènìyàn bí ẹni náà kò bá yan òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di 2007 tí Calibri gba ipò rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó síwájú ẹ̀rọ kò pinnu nǹkan kan, ẹ̀rọ ni ó pinnu fún un. Ohun tí wọ́n dá fún òpó ìwé ìròyìn tẹ́ẹ́rẹ́ wá di ohun tí à ń fi tẹ ojú ìwé fẹ̀ǹfẹ̀ ti ọ́fíìsì, ìlà gùn, ọ̀rọ̀ há, ojú ń sọ̀nà nù. Ìkórìíra tí àwọn kan kórìíra rẹ̀, ara ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti Comic Sans tí Vincent Connare ṣe fún Microsoft ní 1994 fún ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹranko inú àwòrán ẹ̀fẹ̀, tí a wá rí lára ìwé ìpè sí ìsìnkú. Lẹ́tà kò lẹ́ṣẹ̀. Ibi tí kò yẹ kí a gbé e sí ni a gbé e sí. Àwọn ìjọba pàápàá ń jà lórí rẹ̀: ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè ti Amẹ́ríkà gbà á wọlé ní 2004, wọ́n lé e jáde nítorí Calibri ní 2023, wọ́n sì tún gbà á padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2025.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ó wọ́pọ̀ tó báyìí a máa jẹ́rìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, bí ìdìbò Ààrẹ Amẹ́ríkà ṣe ń súnmọ́lé, tẹlifíṣọ̀n CBS gbé àwọn ìwé kan jáde nípa iṣẹ́ ológun tí George W. Bush ṣe ní ìgbà èwe. Ọdún 1972 àti 1973 ni ó wà lórí wọn. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn wò ó tí wọ́n rí i pé Times New Roman ni, ìlà rẹ̀ sì bá ti Word mu rẹ́gí. Táípuráítà ọ́fíìsì ayé ìgbà náà, àyè kan náà ni ó ń fún i tín-ín-rín àti m gbàǹgbà. Lẹ́tà Morison kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ẹ̀rọ olówó gọbọi kan wà tí ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n wọn kò wọ́pọ̀. CBS gbà níkẹyìn pé àwọn kò lè fi ẹsẹ̀ àwọn ìwé náà múlẹ̀.

Mo rántí ìtàn yìí nígbà tí ẹbí kan tí mo mọ̀ ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kìí fẹ́ ra ilẹ̀. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote àti èbúté Lẹ́kìí ti dé, ilẹ̀ tí bàbá wa fi ń gbin ẹ̀gẹ́ ti di wúrà, ẹlòmíràn a sì máa ta ọ̀kan fún ẹni mẹ́ta. Ẹni tí ó fẹ́ tà á mú rìsíìtì kan wá, ó ní 1979 ni bàbá òun ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀. Bébà náà pọ́n bí ẹni pé ó ti gbó. Àwọn àgbà ilé ní kí n bá àwọn kà á. Mo wò ó, Times New Roman ni, òǹkà ọjọ́ tí ó wà níbẹ̀ sì ní lẹ́tà kéékèèké méjì tí ó gun òkè bí Word ti máa ń gbé e gùn fúnra rẹ̀. N kò pe ọkùnrin náà ní olè. Mo ní, Bàbá, ó lè jẹ́ pé wọ́n tún un tẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí á rí ti àkọ́kọ́, kí á sì mú un lọ bá wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Ó ní òun yóò mú un wá lọ́la. A kò rí i mọ́. Owó tí ẹbí náà ti tò jọ fún ọdún mẹ́fà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ tiwa ní ẹ̀ka Yorùbá wá kù. Àwọn tí ó ṣáájú wa, lórí sẹ́tẹ́ńsùlù ni wọ́n ń táìpù, wọn a sì fi kálámù kan àmì ohùn àti kíkàn ìsàlẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, ẹ àti ọ ní àyè tiwọn nínú ìwé àkọsílẹ̀ lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, ṣùgbọ́n ẹ tí ó gbé àmì ohùn òkè lórí kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni ẹ̀rọ ní láti so pọ̀, ọwọ́ fọ́ǹtì ni ó sì wà bóyá àmì náà yóò jókòó sórí tàbí yóò já sí ẹ̀gbẹ́. Bí fọ́ǹtì kan kò bá ní ṣ, ẹ̀rọ yóò yá a láti inú òmíràn, yóò sanra láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí àlejò tí kò wọ aṣọ ẹbí. Mo ti rí iṣẹ́ ìwádìí lórí oríkì tí ó rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òǹkàwé Yorùbá kò lè ṣe kí ó má rí irú lẹ́tà yẹn, ohun tí Morison sì ń sá fún gan-an nìyẹn.

Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí èdè ní àjọ SIL ti ṣe fọ́ǹtì kan tí wọ́n ń pè ní Doulos SIL. Ó jọ lẹ́tà Morison bí ọmọ ṣe ń jọ bàbá, ọ̀fẹ́ ni, àmì wa sì ń jókòó sórí rẹ̀ dáadáa. Bí olùkọ́ bá ní Times New Roman dandan, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ tẹ ìlà kan ṣoṣo tí ẹ́, ọ̀, ṣ àti ń wà nínú rẹ̀, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà ní ibi tí yóò ti tẹ gbogbo iṣẹ́ náà, kí ó tó san owó ojú ìwé ọgọ́rùn-ún.